Ilé 409 Edgecombe Avenue ní Harlem: kí ni ìtàn rẹ̀, kí ló sì yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó gba fúláàtì nínú irú ilé àtijọ́ bẹ́ẹ̀?

Àdìó Bronx

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí gbogbo yín. Iṣẹ́ mi ti kó wá sí ẹ̀bá 155th Street ní New York, mo sì ti ń wá fúláàtì ní Sugar Hill, apá òkè Harlem. Méjì nínú èyí tí wọ́n fi hàn mí wà nínú ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì. Bí mo bá sì gba Edgecombe Avenue kọjá, ojú mi kì í kúrò lára ilé gíga kan, nọ́ńbà 409, tó dúró lórí òkè tó sì kọjú sí páàkì tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n ní àwọn èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn ló ti gbé ibẹ̀.

Ohun méjì ni mo ń bèèrè. Kí ni ìtàn ilé yẹn gan-an? Kí ló sì yẹ kí n yẹ̀ wò kí n tó fọwọ́ síwèé nínú ilé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún? Ìyàwó mi ń retí ọmọ, nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ohun tó bá kan ọmọdé, ẹ má fi pa mọ́ fún mi.

Ìyá Olùkọ́

Àdìó ọmọ mi, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, láṣẹ Èdùmàrè. Inú mi dùn pé o bèèrè ìtàn kó o tó bèèrè iye owó. Jókòó dáadáa, torí ọ̀rọ̀ ilé yẹn pọ̀.

Láàárín 1916 sí 1917 ni wọ́n kọ́ ọ. Schwartz & Gross ló ya àwòrán rẹ̀, àwọn kan náà tó ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé gbígbé gíga ní Manhattan láyé ìgbà yẹn. Ilé alájà 13 ni, Colonial Parkway Apartments sì ni wọ́n sọ ọ́. Colonial Park ni wọ́n ń pe páàkì iwájú rẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1978 ni wọ́n tó fi orúkọ Jackie Robinson, agbábọ́ọ̀lù baseball, pe páàkì náà. Àwọn aláwọ̀ funfun tó rọ́wọ́ họrí ni wọ́n kọ́ ilé náà fún. Kò sí aláwọ̀ dúdú tó lè yá yàrá kan níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí i.

Báwo ló ṣe wá yí padà? Ọ̀rọ̀ réluwé ni. Réluwé abẹ́ ilẹ̀ dé Lenox Avenue ní 1904. Kó tó dé ni àwọn oníṣòwò ilé ti sáré kọ́lé jákèjádò Harlem, wọ́n lérò pé bí réluwé bá ti dé, ayálégbé á ya wọlé. Ilé wá pọ̀ ju ẹni tó ń wá a lọ. Ilé tó ṣófo kì í pawó, gbèsè báńkì kì í sì í dúró. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Philip Payton, rí àyè yìí. Ó dá Afro-American Realty Company sílẹ̀ ní 1904, ó ń gba ilé lọ́dọ̀ àwọn onílé tí ọwọ́ ń pọ́n, ó ń kó àwọn èèyàn wa sínú rẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wá láti gúúsù Amẹ́ríkà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ń sá fún òfin ìyàsọ́tọ̀ àti fún àwọn jàǹdùkú tó ń so èèyàn kọ́ igi láìṣe pé ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi. Àwọn mìíràn wá láti erékùṣù Caribbean. Ìsàlẹ̀ Harlem ni wọ́n kọ́kọ́ kún, ibi òkè ló kẹ́yìn. Ìparí àwọn ọdún 1920 ni 409 tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba aláwọ̀ dúdú.

Kí ẹ má rò pé ojú àánú ni wọ́n fi ṣe é. Owó ilé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú ní Harlem ju èyí tí aláwọ̀ funfun ń san lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń gba alábàágbé sí yàrá kan kí owó ilé lè pé.

Ní ti àwọn tó gbé inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Walter White gbé ní àjà kẹtàlá. Òun ló darí NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 títí tó fi kú ní 1955. Awọ ara rẹ̀ mọ́ débi pé, tí kò bá sọ fún ọ, o kò lè mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni. Ohun tó fi àwọ̀ náà ṣe ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀: ó máa ń wọ ìlú tí wọ́n ti so èèyàn kọ́, a jókòó ti àwọn tó ṣe iṣẹ́ ibi náà, wọ́n á rò pé ara wọn ni, wọ́n á ka ẹjọ́ ara wọn fún un látòkè délẹ̀, òun á sì kọ gbogbo rẹ̀ jáde fún ayé kà. Bí àṣírí bá tú, wọ́n á pa á ni. Ìdákejì ọ̀rọ̀ ni pé iyàrá àlejò rẹ̀ ní 409 gba àwọn olóṣèlú, òǹkọ̀wé àti olórin débi tí wọ́n fi ń fi fúláàtì náà wé ilé ààrẹ ní Washington.

Thurgood Marshall gbé ilé kan náà. Agbẹjọ́rò NAACP ni, òun ló ṣáájú àwọn tó rojọ́ tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi sọ ní 1954 pé kò bófin mu láti ya ọmọ dúdú àti ọmọ funfun sọ́tọ̀ nílé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní 1967, ó di adájọ́ ní ilé ẹjọ́ náà, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́ èyí: Lincoln University ní Pennsylvania ló ti kàwé jáde ní 1930, ọdún kan náà tí Nnamdi Azikiwe tiwa gba oyè ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn.

W. E. B. Du Bois, òǹkọ̀wé àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, náà wà níbẹ̀. Ó kó wọ 409 ní 1944, nígbà tó padà sí NAACP láti Atlanta. Ó ti lé ní ẹni ọdún 75. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló lọ sí Manchester fún ìpàdé àwọn ọmọ Áfíríkà gbogbo àgbáyé, níbi tí Kwame Nkrumah àti Jomo Kenyatta wà. Ẹ̀yin ẹ fojú inú wò ó pé àgbàlagbà yẹn wọ lífítì ilé gbígbé lásán ní Harlem, ó ń lọ jókòó pẹ̀lú àwọn tí yóò di olórí orílẹ̀-èdè. Accra ló kú sí ní 1963.

Aaron Douglas, ayàwòrán, wà níbẹ̀. William Stanley Braithwaite, akéwì, náà gbé ibẹ̀ dọjọ́ ogbó. Bẹ́ẹ̀ sì ni Stephanie St. Clair, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá tẹ́tẹ́ nọ́ńbà ní Harlem, tó dojú kọ àwọn ọ̀daràn aláwọ̀ funfun nígbà tí wọ́n fẹ́ gba òwò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀ mọ́ wọn torí òun náà sanwó ilé bíi tiwọn, ó sì wọ ẹnu ọ̀nà kan náà.

Ọmọ Èkó Tuntun

Màmá, ẹ ṣeun gidigidi. Ìbéèrè kan: kí ló dé tí gbogbo wọn fi kó jọ sínú ilé kan? Ṣé wọ́n jọ dá a ró ni?

Ìyá Olùkọ́

Rárá o. Ibi tí wọ́n lè lọ ni kò pọ̀. Àwọn onílé níbòmíràn kọ ìwé àdéhùn láàárín ara wọn pé àwọn kò ní tà tàbí yá ilé fún aláwọ̀ dúdú. Dókítà, lọ́yà, olùkọ́ àti akọ̀wé tó lówó tó láti gbé ibi tó wù ú, níbo ló fẹ́ lọ? Nígbà tí ilé tó dára bíi 409 bá ṣí, wọ́n á wọ́ lọ síbẹ̀ lápapọ̀. 1948 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ fipá mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó lówó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká sí Queens, Westchester àti ibòmíràn. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé àwọn èèyàn máa ń fẹ́ kí itàn Sugar Hill dùn bíi ṣúgà látòkè délẹ̀. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri wà yí i ká.

Ayàwòrán-ilé

Ẹ kú àlàyé, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé fúnra rẹ̀ kún un, torí iṣẹ́ mi nìyẹn.

Àdìó, bí o bá tún kọjá, gbójú sókè, kí o wo bí ilé yẹn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ibi tó wọnú lára, tí wọn kò ṣe é ní gbọọrọ bí àpótí. Òfin ló fà á. Ṣáájú 1901, àwọn onílé New York máa ń kọ́ ilé talákà tí yàrá àárín rẹ̀ kò ní fèrèsé kankan sí ìta. Ikọ́ ife àti òkùnkùn ló ń pa wọ́n. Òfin ilé gbígbé ti 1901 sọ pé gbogbo yàrá téèyàn ń gbé gbọ́dọ̀ ní fèrèsé tó ṣí sí ojú títì tàbí sí àgbàlá tó fẹ̀ tó, fúláàtì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní ilé ìyàgbẹ́ tirẹ̀. Àwọn ayàwòrán-ilé wá ń gbẹ́ ara ilé wọnú kí ìmọ́lẹ̀ lè dé àárín. Nítorí náà, nínú ilé tí wọ́n kọ́ láàárín 1901 sí 1940, o lè rí fèrèsé nínú bálùwẹ̀ àti ilé ìdáná. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tuntun, fáànù ni wàá bá níbẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń fa èèyàn ni bí wọ́n ṣe pín yàrá. Wàá wọlé sí fọyé, wàá sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé yàrá ìsùn. Ilé ìdáná wà níbi tirẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn. Àwa tí a máa ń dín ẹja tí a sì ń yan ata mọ iyì ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ìlé tuntun ti pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di yàrá kan ṣoṣo. Ògiri ilé àtijọ́ nípọn, àjà wọn ga, ilẹ̀ pákó wọn sì jẹ́ igi gidi tí a lè ha tí a ó sì tún kùn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́yìn náà ni lífítì. Kó tó di pé lífítì wọ́pọ̀, òkè pátápátá ni ibi tí kò wù ẹnikẹ́ni, torí àtẹ̀gùn. Lífítì ló sọ àjà kẹtàlá di ibi iyì. Ní 409, òkè ni ilé náà tiẹ̀ ti dúró sí, nítorí náà ẹni tó wà lókè pátápátá ń wo àfonífojì Harlem, odò àti Bronx. Pápá ìṣeré Polo Grounds wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ títí wọ́n fi wó o ní 1964. Ilé ìjọba onígogoro ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ọmọ Brooklyn

Mo bọ̀wọ̀ fún ìtàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún arákùnrin yìí. Ilé àtijọ́ máa ń ni èèyàn lára. Eku, páìpù tó ń jò, lífítì tó bàjẹ́, kò sí ẹ̀rọ ìfọṣọ nínú fúláàtì. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń retí ọmọ, ilé tuntun ni mo máa wá. Ní 155th Street níbẹ̀, ní St. Nicholas Avenue, ilé tuntun kan wà tí David Adjaye yà, ọmọ Ghana tó dàgbà ní London. Fúláàtì 124 ló wà nínú rẹ̀ fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀.

Ayàwòrán-ilé

Ilé yẹn dára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nípasẹ̀ lọ́tìrì ìjọba ìlú ni wọ́n ń gba irú fúláàtì bẹ́ẹ̀, èèyàn sì lè dúró pẹ́ gan-an. Kí Àdìó fi orúkọ sílẹ̀ fún èyí tó bá ṣí, kó má sì dá wíwá ilé dúró torí rẹ̀.

Bọ̀dá Súpà

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ni súpà, ẹni tó ń bójú tó ilé, ní ilé alájà mẹ́fà kan ní Washington Heights, ilé tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò jìnnà sí ti 409. Àbúrò mi Àdìó, ọ̀rọ̀ ìtàn dára, ṣùgbọ́n inú ìsàlẹ̀ ilé ni èmi ti mọ ilé. Ohun tí mo fẹ́ kí o yẹ̀ wò nìyí.

Kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n ṣe ń mú ilé gbóná. Nínú èyí tó pọ̀ jù, bọ́ílà ńlá kan ló wà nísàlẹ̀, ooru omi ni ó ń gba inú páìpù gòkè lọ sínú radiator, irin tó ń mú yàrá gbóná, tó wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí páìpù tó wọ radiator bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, fi èyí sọ́kàn: yálà kí o ṣí fáàfù rẹ̀ pátápátá tàbí kí o tì í pátápátá. Kò sí àárín. Páìpù kan yẹn ni ooru ń gbà wọlé, òun náà ni omi tó ti tutù ń gbà jáde. Bí o bá ṣí i ní ìlàjì, omi á há sínú rẹ̀, ooru á kọ lù ú, á sì máa dún gbàgà-gbàgà lóru bí alágbẹ̀dẹ. Àwọn ayálégbé máa ń pè mí láàárín òru nítorí èyí, fáàfù tí wọ́n ṣí sílàjì ni mo sì máa ń bá.

Fáàfù kékeré onífàdákà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ radiator, tó ń dún "ṣíí", iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tú afẹ́fẹ́ jáde kí ooru lè wọlé. Bó bá ń tutọ́ omi sílẹ̀, ó ti bàjẹ́, owó kékeré ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí.

Bóyá á tún yà ọ́ lẹ́nu pé ilé máa gbóná jù. Láyé ọjọ́un, àwọn oníṣègùn ń wàásù afẹ́fẹ́ títun, àwọn ẹlẹ́rọ sì ń ṣe bọ́ílà àti radiator tóbi kí yàrá lè móoru bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà yìnyín. Ìdí nìyẹn tí o fi ń rí fèrèsé tó ṣí gbayawu ní oṣù January. Nígbà tí ọmọ bá sì dé, ra ohun tí wọ́n fi ń bo radiator, torí irin yẹn lè jó ọmọ tó ń rákò.

Lọ wo ilé náà ní àárọ̀ tí gbogbo èèyàn ń múra ibi iṣẹ́, kì í ṣe ọ̀sán gangan. Ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná àti ṣáwà lẹ́ẹ̀kan náà, kí o sì fa omi ilé ìyàgbẹ́. Wo bóyá omi gbígbóná ṣì ń wá. Ka ojú iná tó wà lára ògiri. Nínú ilé ayé ìgbà yẹn, wọn kò mọ̀ pé maikirowéfù àti ẹ̀rọ amúlétutù ń bọ̀. Bèèrè iye amper, ìyẹn agbára iná, tí fúláàtì náà ń gbà. Gbé ojú sókè wo àjà bálùwẹ̀: àmì omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn bò máa ń fi àwọ̀ ìyeyè hàn létí. Bí o bá rí pákó àti irin tí wọ́n fi bo ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ níwájú ilé, bèèrè ìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan ni òkúta já lù láti ara ilé ní Broadway ní 1979, ó sì kú. Òfin 1980 wá sọ pé gbogbo ilé tó bá ju alájà mẹ́fà lọ gbọ́dọ̀ máa yẹ ojú ògiri rẹ̀ wò, ọdún márùn-ún márùn-ún. Àwọn onílé mìíràn máa ń gbé pákó síbẹ̀, wọ́n á sì gbàgbé iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí pákó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju àtúnṣe lọ. Ẹni tó bá wà ní àjà àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Pàtàkì jù lọ, bá súpà sọ̀rọ̀. Bèèrè bóyá inú ilé ló ń gbé. Súpà tó ń gbé inú ilé ń gbọ́ ohun tí o máa gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Bọ̀dá Súpà, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Èmi fẹ́ sọ ti ọ̀dà olójé, torí mo ti tọ́jú ọmọ tí òjé wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àdìó, fọkàn sí i.

New York fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé ní 1960. Ilé tó bá ṣáájú ìgbà yẹn, kí o kà á sí pé ó wà lára ògiri, lábẹ́ gbogbo ọ̀dà tuntun tí wọ́n ti fi bò ó. Bó bá wà lábẹ́ tí kò bó, kò léwu. Ibi tó ti ń fa wàhálà ni ibi tí igi ń fara gbo igi: etí fèrèsé àtijọ́ àti férémù ilẹ̀kùn. Bí a ṣe ń ṣí tí a ń tì í, eruku rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó ń rákò á fọwọ́ kó o, á sì fi ọwọ́ náà sẹ́nu. Òfin ìlú sọ pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà bá ń gbé inú ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1960, onílé gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, kó sì tún un ṣe nípasẹ̀ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà. Onílé máa fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ ní January láti bèèrè bóyá ọmọ wà. Dá a lóhùn, má jù ú nù. Má sì fi sáńdípépà ha ògiri fúnra rẹ láé, kí o ní o fẹ́ tún yàrá ọmọ ṣe. Fi aṣọ tútù nu etí fèrèsé, má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a. Dókítà máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà fún òjé nígbà tó bá pé ọdún kan àti nígbà tó bá pé méjì. Òfin ìpínlẹ̀ ni.

Irin ojú fèrèsé náà ńkọ́? Bí ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ bá wà nílé, onílé gbọ́dọ̀ fi síbẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ gbé lórí òkè bí irú ibẹ̀ yẹn, má wọlé kí wọ́n tó fi í.

Lọ́yà Ayálégbé

Díẹ̀ ni tèmi, torí ẹ ti sọ púpọ̀.

Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1974 tó sì ní fúláàtì mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sábà máa ń wà lábẹ́ òfin tó ń díwọ̀n owó ilé. Ìgbìmọ̀ ìlú kan ló ń sọ iye tí onílé lè fi kún un lọ́dọọdún, o sì ní ẹ̀tọ́ láti tún ìwé àdéhùn rẹ ṣe nígbà tó bá parí. Fún ìdílé tó fẹ́ tọ́ ọmọ lójú kan, èyí ni mo kà sí ọrọ̀ tó tóbi jù nínú ilé àtijọ́, ó ju àjà gíga lọ. Lọ sí orí ìkànnì DHCR, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé ní ìpínlẹ̀ New York, kí o bèèrè ìtàn owó ilé fúláàtì náà. Ọ̀fẹ́ ni. Bí iye owó bá fò sókè lójijì ní ọdún kan, wá lọ́yà.

Láti 2019, owó ìdógò kò gbọ́dọ̀ ju owó ilé oṣù kan lọ, owó ìwé ìbéèrè kò sì gbọ́dọ̀ ju $20 lọ. Láti June 2025, bó bá jẹ́ onílé ló gba aṣojú tó ń fi ilé hàn, onílé ni yóò san owó rẹ̀. Bí aṣojú tó fi ilé hàn ọ́ bá ní kí o mú owó oṣù kan wá fún òun, bèèrè ẹni tó gbà á síṣẹ́.

Ní ti ìgbóná, láti October 1 sí May 31, bí ìta bá lọ sísàlẹ̀ 55°F ní ọ̀sán, inú ilé gbọ́dọ̀ tó 68°F ó kéré tán. Lóru, láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, 62°F, láìka bí ìta ṣe rí sí. Ra thermometer, máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí o pe 311, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń fẹjọ́ sun ìjọba ìlú.

Àdìó Bronx

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Ó ku ẹyọ kan. Ọ̀kan nínú ilé méjèèjì jẹ́ HDFC co-op, wọ́n ní títà ni wọ́n ń tà á, kì í ṣe yíyá. Iye rẹ̀ kéré sí tàwọn tó yí i ká gan-an. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kò sí nǹkan kan níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Inú HDFC ni mò ń gbé, jẹ́ kí n dáhùn. Ní àwọn ọdún 1970 sí 1980, ọ̀pọ̀ onílé ní Harlem àti Bronx pa ilé wọn tì, wọn kò san owó orí mọ́. Ìjọba ìlú gba ilé náà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ayálégbé tó kù sínú rẹ̀ ló ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń dá owó epo bọ́ílà. Ìjọba wá ta ilé náà fún wọn, fúláàtì kan ní $250. Àwọn ìyá àgbà tó wà nílé wa, wọ́n ti gbé inú òtútù kí ilé yẹn má bàa wó. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi kéré: àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, òfin sì fi gbèǹdéke sí iye tí olùrà gbọ́dọ̀ máa gbà.

Kì í ṣe fúláàtì gan-an lo rà, ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó ni ilé ni o rà, wọ́n á wá fún ọ ní ìwé àdéhùn láti gbé inú rẹ̀. Oṣooṣù ni o ó máa san owó ìtọ́jú. Ìgbìmọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ máa pè ọ́ láti fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò. Bí o bá tà á lẹ́yìn ọ̀la, ilé lè gba ìpín ńlá nínú èrè rẹ. Ní ọ̀pọ̀ HDFC, báńkì kì í fẹ́ yáni lówó, nítorí náà owó ọwọ́ ni wọ́n máa ń bèèrè.

Lọ́yà Ayálégbé

Òtítọ́ ni arábìnrin wa sọ. Kí o tó fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀, gba lọ́yà tó mọ HDFC, kó ka ìwé ìṣirò owó ilé náà àti àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀. Ṣé wọ́n jẹ owó orí? Ṣé wọ́n jẹ owó omi? Èló ló wà nípamọ́ fún bọ́ílà àti òrùlé? Èèyàn mélòó ni kò san owó ìtọ́jú wọn? HDFC tí gbèsè bá rọ̀ mọ́ lọ́rùn, fúláàtì olówó pọ́ọ́kú inú rẹ̀ kò pọ́ọ́kú.

Ayàwòrán-ilé

Bí ó bá sì jẹ́ ilé tí ìlú ti kà sí àjogúnbá, bí wọ́n ṣe ka 409 sí i ní June 1993, kò sí ẹni tó lè pààrọ̀ fèrèsé tàbí lu ògiri ìta láti ki ẹ̀rọ amúlétutù bọ̀ ọ́ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Landmarks Preservation Commission. Wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1965, lẹ́yìn tí wọ́n wó ibùdókọ̀ réluwé Pennsylvania tí gbogbo ìlú sì kẹ́dùn rẹ̀. Inú fúláàtì rẹ kò kàn wọ́n, ojú ìta ni. Ìnáwó ni fún ilé, mo gbà. Ṣùgbọ́n òun náà ni kò jẹ́ kí oníṣòwò kan dìde lọ́la kó wó ilé tí Du Bois gbé.

Ọmọ Èkó Tuntun

Ṣé àlejò lè wọ inú 409 lọ wò ó?

Ìyá Olùkọ́

Rárá, ọmọ mi. Ilé àwọn èèyàn ni, wọ́n ń sùn wọ́n ń jí níbẹ̀. Dúró sí òdìkejì ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì, kí o wò ó dáadáa, má tẹ̀ lé ẹni tó ń wọlé. Lẹ́yìn náà, rìn gba Edgecombe lọ sí apá àríwá dé nọ́ńbà 555, ilé Schwartz & Gross náà ni, Paul Robeson, akọrin àti òṣèré, àti Count Basie, olórin jazz, ti gbé ibẹ̀. Bí àyè bá sì wà, wọ ọkọ̀ lọ sí Schomburg Center, ilé ìkàwé ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, ní 135th Street. Àwọn àwòrán ńlá tí Aaron Douglas yà ní 1934 wà níbẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn wa láti ilẹ̀ Áfíríkà, pẹ̀lú ìlù àti ijó, ó gba inú oko ẹrú àti òmìnira, títí dé ìlú onílé gogoro. Mú ìwé ìdánimọ̀ rẹ dání, kí o sì wo àkókò tí wọ́n ń ṣí kó o tó lọ.

Bọ̀dá Súpà

Àdìó, nígbà tí o bá padà lọ wo HDFC yẹn, ní kí wọ́n mú ọ dé yàrá bọ́ílà. Wo ilẹ̀ rẹ̀ bóyá ó gbẹ, kí o ka déètì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́ílà nípa àyẹ̀wò tó kẹ́yìn. Bí wọ́n bá kọ̀ pé o kò lè rí i, wá bá wa sọ ọ́ níbí kó o tó sanwó.